Íntálọ́ọ̀kì tí mo fi rọ́pò kọnkéré: ibi tó dáa sí, ibi tó kù sí

Kọnkéré ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ ọgbà wa nígbà tí mo ra ilé náà. Ó ti là láti igun kan dé èkejì. Bí a bá fi símẹ́ǹtì dí ojú ibi tó là, àpá rẹ̀ á hàn gbangba, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n fọ́ ọ kúrò. A to íntálọ́ọ̀kì, ìyẹn òkúta kéékèèké tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, síbẹ̀, a sì tò ó dé gbàgede ẹ̀yìnkùlé. Òjò ti rọ̀ lé e, oòrùn ti pa á, ọkọ̀ akẹ́rù pàápàá ti gorí rẹ̀. Mo lè ròyìn rẹ̀ wàyí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ kọnkéré. Gbogbo kọnkéré ló máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, ibi tó bá wù ú ni yóò sì ti là bí wọn kò bá gé ojú, ìyẹn ìlà tóóró tí yóò gbà là, sílẹ̀ fún un. Èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, bíi mítà 2.5 sí 3 ló yẹ kó wà láàárín ojú kan sí èkejì, kí gígé náà sì jìn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìnípọn rẹ̀. Ẹni tó da tiwa kò gé ojú kankan. Íntálọ́ọ̀kì ní tirẹ̀, ojú ló kún ara rẹ̀. Òkúta tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó fẹ̀ ní 10, àádọ́ta ni yóò wọ mítà kan níbùú lóòró. Bí ilẹ̀ bá sún díẹ̀, àwọn náà á sún, kò sí ohun tó máa là.

Àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn nìkan ni mo fi ń yìn ín. Páìpù omi tó gba abẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ yẹn bẹ́. Pulọ́ńbà hú òkúta ojú ibẹ̀, ó kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbẹ́lẹ̀, ó pààrọ̀ páìpù. Wọ́n kó ilẹ̀ padà, wọ́n gún un dáadáa, wọ́n sì to òkúta kan náà sí i. Bí ẹ bá wá lónìí, ẹ ò lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n gbẹ́. Ká ní kọnkéré ni, òòlù ńlá ni ì bá wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ì bá sì dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ títí láé. Àwọn ará Netherlands mọ àǹfààní yìí tipẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí bíríkì alámọ̀ wọ́n, òkúta tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí òpópónà wọn, bí iṣẹ́ bá sì dé sí abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á hú u, wọ́n á tún tò ó.

Owó iṣẹ́ yìí wà níbi tí ojú ò tó. Ìpìlẹ̀ ni. Níbi tí ọkọ̀ yóò máa gbà, òkúta fífọ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ gún un ní ìpele-ìpele bí wọ́n ṣe ń dà á. Ní gbàgede tí ẹsẹ̀ nìkan ń tẹ̀, bíi 10 tó. Lórí ìyẹn ni yanrìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 4 ń wà, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú da yanrìn sí i dáadáa, yóò dí gbogbo kòtò ibẹ̀.” Mi ò gbà fún un. Yanrìn tó bá pọ̀ jù ni táyà máa ń tẹ̀ wọlẹ̀ tí ojú ọ̀nà á fi di poro. Etí rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: bí a kò bá fi kọnkéré tàbí òkúta gbọọrọ gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta á máa ya síta díẹ̀díẹ̀, ojú àárín wọn á sì máa fẹ̀ sí i. Ẹ ní kí wọ́n tò ó ní ìdábùú-ìdábùú, kí orí ọ̀kan máa kọlu ìhà èkejì, níbi tí ọkọ̀ ti ń yí. Èyí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 6 tó fún mọ́tò ilé. Bí akẹ́rù yóò bá máa wọlé déédéé, 8 ni kí ẹ rà.

Ó yá, ẹ̀bi tirẹ̀ náà. Koríko ń hù lójú rẹ̀. Kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ o, èso tí atẹ́gùn gbé wá ló ń bọ́ sínú yanrìn ojú rẹ̀. Èèrà náà ń hú yanrìn yẹn síta, a sì ní láti máa gbá òmíràn wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹfun funfun kan yọ sójú àwọn òkúta mi, ó ba ẹwà wọn jẹ́. Látinú símẹ́ǹtì ló ti ń jáde, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Ní gbàgede, ẹsẹ̀ àga máa ń bọ́ sí ojú òkúta, àga á máa mì. Èyí ń bí ìyàwó mi nínú ju èmi lọ.

Àwọn tó ń tà á máa ń ṣèlérí pé omi á máa rọ́ gba inú rẹ̀ wọlẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀ ló ń mu, ìyókù ń ṣàn lórí rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí ilé, ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀ lóòótọ́ yàtọ̀: ojú rẹ̀ fẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sí i, kì í ṣe yanrìn.

Owó tí yóò ná yín lákọ̀ọ́kọ́ sábà máa ń ju ti kọnkéré lọ, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n parí tèmi náà ni mo wa ọkọ̀ gorí rẹ̀. Kọnkéré á ní kí ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa ń kà fún agbára rẹ̀ kó tó pé.

Inú ṣẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní kọnkéré, nítorí táyà kékeré abẹ́ jáàkì kì í yí dáadáa lórí ohun tó lójú. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè fún àlékún òkúta lọ́jọ́ kan náà kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Epo ẹ́ńjìnnì ti ba méjì jẹ́ nínú tèmi, àlékún yẹn la fi pààrọ̀ wọn. Èyí tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn náà, àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà bá ti àkọ́kọ́ mu.