Fóònù olójú méjì tó ní e-ink: èwo ló yẹ kí ẹ fi owó yín rà?

Fóònù olójú méjì ni èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ síkírìn aláwọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ e-ink, irú ojú tó wà lára Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé Amazon. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣòro: àlòkù, tàbí èyí tó ti pẹ́ nílé ìtajà, ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa rí. Ilé-iṣẹ́ Yota Devices ti Rọ́ṣíà, tó gbé YotaPhone àkọ́kọ́ jáde ní 2013, kógbá sílé nínú gbèsè ní 2019. Hisense ti Ṣáínà ṣe tirẹ̀ dé orí A6 ní 2018. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó jẹ́ e-ink nìkan. Ìdí nìyí tí a fi kó fóònù kan ṣoṣo tó jẹ́ e-ink nìkan mọ́ wọn nínú ìfiwéra yìí.

| Fóònù | Ọdún | Ojú iwájú | Ojú e-ink | Ẹ̀rọ inú |
|---|---|---|---|---|
| YotaPhone 2 | 2014 | AMOLED, íǹṣì 5 | íǹṣì 4.7, 960×540 | Snapdragon 800 |
| Yota 3 | 2017 | AMOLED, íǹṣì 5.5 | íǹṣì 5.2, 1280×720 | Snapdragon 625 |
| Hisense A6 | 2018 | AMOLED, íǹṣì 6.01 | íǹṣì 5.61, 1440×720 | Snapdragon 660 |
| Bigme HiBreak Pro | 2025 | kò sí, e-ink nìkan | íǹṣì 6.13, 1648×824 | Dimensity 1080 |

YotaPhone àkọ́kọ́ kò sí nínú rẹ̀ nítorí pé Android rẹ̀ ti gbó ju ohun tí WhatsApp ń béèrè lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ bí ohun àtijọ́ nìkan ló lè rà á.

Kí ni e-ink ń ṣe gan-an? Kóró dúdú àti funfun ló kún inú rẹ̀. Iná mànàmáná díẹ̀ ló ń fà wọ́n wá sókè tàbí tì wọ́n sísàlẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì dúró sí ni wọ́n máa wà láìgba iná kankan mọ́. Ohun tó ń gba iná ni kí ojú-ewé yí padà. Ẹni tó ń ka ìwé máa rí i pé bátìrì òun ń pẹ́ dáadáa. Ẹni tó ń fi ìka yí Facebook sókè-sódò lórí e-ink kò ní jèrè tó bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà ni ojú ń yí, tí dátà àti ẹ̀rọ inú náà sì ń jẹ bátìrì bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, e-ink ló borí: bí oòrùn bá ṣe mú tó ni ó ṣe ń hàn sí i. Lóru ńkọ́? Ojú ẹ̀yìn YotaPhone kò ní iná tirẹ̀, àfi kí ẹ tan fìtílà sẹ́gbẹ̀ẹ́. HiBreak Pro ní iná iwájú, ẹ sì lè sọ ọ́ di iná funfun tàbí iná pupa-rúsúrúsú.

Òjìji ni àbùkù tí ẹ máa kọ́kọ́ rí: ọ̀rọ̀ ojú-ewé tó kọjá á ṣì máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lábẹ́ èyí tó wà níbẹ̀. Bí fóònù bá pa ojú rẹ́ pátápátá, tó dúdú tó tún funfun, òjìji á lọ. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá lórí rẹ̀ ní láti fojú sí èyí dáadáa, torí àmì orí àti ìdí ẹ̀, ọ̀, ṣ kéré, òjìji kékeré sì lè gbé wọn mì. Ojú HiBreak Pro ní 300 pixel (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) nínú íǹṣì kan, YotaPhone 2 ní bíi 235. Ìyàtọ̀ yẹn hàn gbangba bí lẹ́tà bá kéré.

Tí àlòkù lẹ bá fẹ́ rà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. E-ink tó ti kú ṣì ń fi àwòrán tó wà lójú rẹ̀ kẹ́yìn hàn, nítorí náà fọ́tò ẹ̀yìn fóònù tó mọ́ kedere nínú ìpolówó kò jẹ́rìí ohunkóhun. Fídíò ni kí ẹ béèrè: kí ẹni tó ń tà á ṣí ojú-ewé bíi mẹ́wàá léraléra, kó gbé àwòrán dúdú pátápátá síbẹ̀, lẹ́yìn náà funfun pátápátá. Ìlà tí kò kúrò lójú kan, tàbí igun tí kò yí padà, ojú inú ló ti fọ́, ojú e-ink tí wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Bátìrì náà tún ni: pípààrọ̀ rẹ̀ léwu. Iwájú jẹ́ síkírìn, ẹ̀yìn jẹ́ síkírìn, ọ̀kan nínú wọn sì lè fọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣí fóònù. Bí ẹ̀yìn bá wú díẹ̀, ẹ má rà á. Lórí YotaPhone 2, ẹ fa bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè-sódò jáde, torí inú rẹ̀ ni síìmù ń gbé (nano-SIM kan ṣoṣo). Bí bọ́tìnì yẹn bá sọnù, ibi tí síìmù ń jókòó sí ló bá a lọ.

YD201 ni nọ́ńbà YotaPhone 2 tí wọ́n ṣe fún Rọ́ṣíà àti Yúróòpù, YD206 sì ni ti Ṣáínà. Band 4G wọn (ìgbì tí fóònù fi ń bá nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀) kò dọ́gba, nítorí náà ẹ fi wé ti nẹ́tíwọ̀kì yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Èyí tó bá ti Ṣáínà wá, títí kan Hisense, kì í sábà ní Google Play. Áàpù báńkì náà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà Android tó ń béèrè, torí YotaPhone 2 kò kọjá Android 6. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tiyín le jù: ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì AT&T ti pa 3G láti oṣù kejì ọdún 2022, fóònù tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, yálà fóònù tuntun ni tàbí àlòkù.

Bó bá jẹ́ olójú méjì dandan lẹ fẹ́, Hisense A6 la máa mú, gẹ́gẹ́ bíi fóònù kejì, kì í ṣe èyí tí owó àti iṣẹ́ yín wà lórí rẹ̀. Fún fóònù kan ṣoṣo, HiBreak Pro ní 5G àti Google Play, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé fídíò kò ní dára lórí rẹ̀. Ẹni tó ní fóònù gidi tẹ́lẹ̀, tí ìwé kíkà nìkan ń wù, kó ra Boox Palma, ẹ̀rọ ìkàwé e-ink: ó kéré bíi fóònù, kò gba síìmù, $280 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tà á ní 2023. Palma 2 Pro ti gba síìmù, fún dátà nìkan, kì í pe ènìyàn.

Ní ti èyí tó ń bọ̀, àwọ̀ ni gbogbo wọn ń lé. Kaleido 3, irú e-ink aláwọ̀ tó wà lára Palma 2 Pro, ń fi àwọ̀ 4,096 hàn, ṣùgbọ́n 150 pixel ni àwọ̀ ní nínú íǹṣì kan, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ sì ṣókùnkùn ju ti dúdú-àti-funfun lọ. Ilé-iṣẹ́ TCL gba ọ̀nà mìíràn: NXTPAPER wọn kì í ṣe e-ink rárá, síkírìn LCD oníná tí kò dán ni, nítorí náà fídíò ń lọ geere lórí rẹ̀, àmọ́ iná rẹ̀ kì í sinmi. TCL 60 XE tí wọ́n fi hàn ní oṣù kìíní 2025 ní bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń sọ ojú di dúdú-àti-funfun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bá sì ní kí ẹ sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, ẹ rántí popSLATE 2, kéèsì e-ink fún iPhone tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dáwó fún: ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2017, ọ̀pọ̀ tó sanwó kò rí kéèsì, wọn kò sì rí owó gbà padà.