Ṣọ́ọ̀bù tó bá mi ṣe swap ní Queen Cinema

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń lo Linux, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Queen Cinema tó mọṣẹ́ gan-an. Láptọ́ọ̀pù àlòkù ni mo gbé lọ, RAM ẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó bá ń ṣe lọ́wọ́ sí) ò ju 4GB lọ, tí n bá ti ṣí Firefox àti LibreOffice pọ̀ báyìí ó ti gan nìyẹn. Bọ̀bọ́ tó wà níbẹ̀ ò kàn sáré fi Ubuntu, irú Linux kan, sí i o, ó kọ́kọ́ bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń hibernate ẹ̀?" Hibernate ni kéèyàn pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, kó sì bá iṣẹ́ ẹ̀ ní ṣíṣí tó bá tún tàn án. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí iná tó ń ṣe ségesège. Ó ní swap, ìyẹn àyè orí díìsìkì tí Linux fi ń ran RAM lọ́wọ́, ò gbọdọ̀ kéré sí RAM nìyẹn, torí ohun tó wà nínú RAM ló máa kó síbẹ̀ kó tó kú. Ló bá ṣe swapfile (fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ swap) 6GB, ó tẹ free -h, àṣẹ tó ń fi iye RAM àti swap hàn, kí n fojú ara mi rí i, ó hibernate ẹ̀, ó tún tàn án, lẹ́tà tí mò ń kọ ṣì wà ní ṣíṣí bó ṣe wà! Ẹni tó ní 16GB tí kì í hibernate, ó ní 2GB sí 4GB ti tó o. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé swap ò lè di RAM láé, kódà lórí SSD, díìsìkì tó yára, tówó bá dé kí n ra RAM kún un. Inú mi dùn sí òótọ́ yẹn gan-an. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án ṣá, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.