Google Drive lọ́wọ́ òǹkọ̀wé: ẹ̀dà àtijọ́ ni ọrọ̀ tó wà níbẹ̀

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń tọ́jú gbogbo ohun tí mo bá kọ sí orí Google Drive, ibi ìkófáìlìpamọ́ ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ mi ń gbé. Lóru ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà náà kú, kò sì jí mọ́, bí orí mọ́kànlá nínú ìtàn àròsọ tí mo ń kọ ṣe lọ nìyẹn. Mo tún wọn kọ, ṣùgbọ́n ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ̀ pé gbólóhùn tó bá ti sọnù kì í padà wá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọdún 2012 ni Google gbé Drive jáde. Ààyè ọ̀fẹ́ rẹ̀ jẹ́ GB (gígábáìtì, òṣùwọ̀n ààyè ìpamọ́) 15, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gmail àti Google Photos náà ń jẹ nínú rẹ̀. Nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti OneDrive tí Microsoft ṣe jẹ́ GB 5, ti Dropbox sì jẹ́ GB 2. Ọ̀rọ̀ lásán kì í gba ààyè púpọ̀, nítorí náà èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó òǹkọ̀wé tí kì í kó àwòrán àti fídíò jọ.

Ohun tó mú kí n yan Google Drive ni bí Google Docs, irinṣẹ́ ìkọ̀wé tó wà nínú rẹ̀, ṣe ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Bí mo ṣe ń kọ̀wé ló ń fi í pamọ́ fúnra rẹ̀, tí mo bá sì ṣí ìtàn àtúnṣe ìwé náà, màá rí ọjọ́ àti wákàtí tí mo fọwọ́ kàn án, ohun tí mo fi kún un àti ohun tí mo yọ. Nígbà kan, mo yọ ìpínrọ̀ kan tí bàbá arúgbó kan ti ń rán bọ́tìnì padà mọ́ ẹ̀wù ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, nítorí mo rò pé ó ń fa ìtàn náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù méjì ni mo tó mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ìtàn náà wà. Mo padà sí ẹ̀dà ọjọ́ náà, mo sì bá a níbẹ̀, títí kan kókó òwú tí bàbá náà fi eyín gé. Àtìgbà náà ni mo ti ń gé ọ̀rọ̀ mi láìbẹ̀rù. Ó dára kí ẹ sọ àwọn ẹ̀dà pàtàkì lórúkọ, nítorí Google lè pa àwọn ẹ̀dà kéékèèké pọ̀ mọ́ra. Ti fáìlì Word (irinṣẹ́ ìkọ̀wé ti Microsoft) tí a kàn gbé síbẹ̀ yàtọ̀: lẹ́yìn ọjọ́ 30, ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ lè parẹ́, àyàfi tí ẹ bá ní kó tọ́jú rẹ̀ títí láé.

Ó rọrùn fún iṣẹ́ olóòtú pẹ̀lú. Mo lè gba olóòtú láyè láti ka ìwé náà nìkan, láti sọ èrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, tàbí láti tún un ṣe. Tó bá sì jẹ́ àbá ló mú wá, èmi ni màá pinnu bóyá kó dúró.

Àléébù rẹ̀ tó ń kọ mí lóminú jù ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tó bá ti wà níbẹ̀ kò lè sọnù mọ́. Fáìlì tí ẹ bá fi fóònù pa rẹ́ yóò kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú, ọjọ́ 30 péré ni yóò sì lò nínú àpò ìdọ̀tí kó tó lọ pátápátá. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé níbi tí kò ti sí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ṣọ́ ọ; ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ onígbèésẹ̀ méjì, tó máa ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo ṣì máa ń gba ẹ̀dà iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ sórí háàdì dísìkì kan tí mo tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀.