Mo lẹ composite mọ́ eyín iwájú mi ní Àbújá: ohun tí mo rí, iye tí mo ná

Iṣẹ́ náà dára. Composite ni ohun rírọ̀ aláwọ̀ eyín tí dókítà ń lẹ̀ mọ́ ojú eyín, tó sì máa ń le síbẹ̀. Bí àkókò àtúnṣe bá tó, ibẹ̀ náà ni mo máa padà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n bá mi sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ mi lórí WhatsApp, mi ò sì lè máa tẹ ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn, ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú eyín tí mo gbé lọ. Olùkọ́ ni bàbá mi, Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n sì gbé e lọ nígbà tí mo ṣì kéré gan-an. Omi ibẹ̀ la mu dàgbà. Ẹni tó bá mọ Langtang á ti mọ eyín àwa tá a dàgbà níbẹ̀: àmì funfun kiribiti-kiribiti, tàbí kó tilẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú. Èròjà fluoride ló pọ̀ jù nínú omi ilẹ̀ ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà omi kan. Bí ọmọdé bá ń mu èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dá nínú egungun àgbọ̀n, àbàwọ́n náà ni eyín máa bá hù jáde. Kò sí ọṣẹ ìfọyín, pákò tàbí èédú tó lè bó o, torí kì í ṣe ìdọ̀tí. Lórí èyí, igun eyín iwájú mi kan tún kán nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo sì péjí, èjí ìyá mi gan-an.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, veneer tánganran, ìyẹn èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ bo ojú eyín, ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, eyín mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tánganran kì í ṣe nǹkan burúkú o. Ó máa ń pẹ́, ọdún 10 sí 15 kì í sábà ni ín lára, sóbò àti kọfí kì í sì í tètè ràn mọ́ ọn. Àmọ́ kó tó lè jókòó dáadáa, wọ́n sábà máa ń há díẹ̀ dànù lára èèpo eyín, bíi ìdajì mílímítà, èèpo yẹn kì í sì í hù padà láéláé. Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ti di ẹni tí yóò máa ṣe é títí ayé. Eyín mi le koko, ojú rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Kí ni mo fẹ́ há a fún? Mo dìde.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kubwa ló júwe dókítà tó wá ṣe é ní Wuse. Ọmọ Kogi ni, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Mo kàn la ẹnu ni, ó wò ó díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé apá Plateau lẹ ti dàgbà?” Ó wá ní òun ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun títí wọn yóò fi fọ eyín mi, torí ìdí eyín tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí composite dì mọ́ eyín bó ṣe yẹ.

Ibẹ̀ ni owó ti dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níwájú ti sọ fún mi lórí fóònù pé 60,000 náírà ni lórí eyín kan, eyín mẹ́fà, a ti parí ọ̀rọ̀. Kò sọ pé fífọ eyín kò sí nínú rẹ̀, pé fọ́tò inú egungun eyín náà ní owó tirẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, ó ní, “Aunty, gbogbo ènìyàn ló mọ̀.” Gbogbo ènìyàn wo? Ẹ sọ pé kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àmọ́ dókítà náà ló dá mi lọ́kàn padà. Kó tó ṣe ohunkóhun lọ́jọ́ iṣẹ́, ó kọ́kọ́ mú àwọ̀. Eyín tó bá ti gbẹ máa ń funfun ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹnu ti wà ní ṣíṣí pẹ́ kó tó yan àwọ̀ máa yan àwọ̀ irọ́. Mo ní kó fún mi ní èyí tó funfun jù. Kò bá mi jiyàn. Ó fi composite bíńtín lé eyín kan láìfi gọ́ọ̀mù sí i, ó fi A2, àwọ̀ kan tí kò funfun tó bẹ́ẹ̀, lé èkejì, ó tan iná sí wọn, ó gbé dígí fún mi. Èyí tó funfun jù yẹn, eyín ẹlòmíràn ni. Mo mú A2. Ó fi irin kékeré tá méjèèjì kúrò, kò sí ohun tó ṣe eyín.

Lẹ́yìn náà ló ní kí a kọ́kọ́ gbìyànjú kí a má lẹ nǹkan kan rárá. Ó po èròjà kíkan kan mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, ó ń fi rọ́bà kékeré ra á lójú eyín, ó ń ṣan án, ó tún ń ra á. Àbàwọ́n eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ pátápátá. Eyín méjèèjì yẹn ò gba composite mọ́, ó sì yọ owó wọn kúrò nínú bíìlì. Dókítà mélòó ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín owó rẹ̀ kù?

Eyín mẹ́rin ló kù. Kò gún mi lábẹ́rẹ́, kò sì há nǹkan kan. Ó fi jẹ́ẹ̀lì búlúù kan kun ojú eyín. Ásíìdì ni, bó bá kan ahọ́n ó kan gógó. Ó ní eyín tí fluoride bá jà máa ń ṣagídí sí ásíìdì, nítorí náà ó jẹ́ kí tèmi pẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tó ṣan án tó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, dídán eyín ti lọ, ó funfun bàìbàì bí ẹfun. Ásíìdì yẹn ló ń la ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí sára èèpo eyín, kí gọ́ọ̀mù lè ríbi dì mú. Láti 1955 ni Michael Buonocore ti fi ọgbọ́n yìí hàn ní Amẹ́ríkà, òun ló sì jẹ́ ká lè lẹ nǹkan mọ́ eyín láìkọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Composite fúnra rẹ̀ rọ̀ nígbà tó bá jáde: rẹ́síìnì tí wọ́n po gíláàsì lílọ̀ mọ́ ni, iná búlúù ló ń sọ ọ́ di líle. Ó ń tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, èyí tó ṣú dúdú díẹ̀ ló kọ́kọ́ fi bo àbàwọ́n tó pọ́n, kó tó wá tẹ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá lé e. NEPA mú iná láàárín iṣẹ́. Bátìrì ló wà nínú iná búlúù yẹn, kò dúró, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ dákẹ́, nọ́ọ̀sì sì ń ki òwú sí mi lẹ́nu títí jẹnẹrétọ̀ fi dáhùn.

Nígbà tó kan eyín tó kán, tó wà lẹ́bàá èjí, ó dúró. “Èjí yìí ńkọ́, mà? Ṣé ká dí i?” Màmá mi ti kìlọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó kúrò nílé: “Kí wọ́n fi èjí yẹn sílẹ̀ o. Èmi ni mo fún ẹ, mi ò tíì gbà á padà.” Mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kan máa ń wá pé kí òun dí tiwọn, àwọn mìíràn ń wá pé kí òun la èjí fún wọn. Ó fi irin wọn fífẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ki ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín, ó sì kọ́ igun eyín náà padà. Ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tó parí. Kò yẹ̀.

Báyìí o, ẹ gbọ́ apá tí àwọn tó ń polówó kì í sọ. Ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú ni composite. Ọdún 5 sí 7 ni wọ́n sábà máa ń dá fún un. Ó ń gba àwọ̀: sóbò, tíì máì ṣáyì, obì, ọbẹ̀ epo. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ní kí n ṣọ́ra jù, àmọ́ mo ti rí i pé etí rẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀ bí oṣù bá ti gun orí oṣù, títí wọ́n á fi tún un dán. Igun kékeré kan tiẹ̀ kán níbi tí mo ti ń fi eyín ya kílíṣí. Wọ́n tún un ṣe lórí ìjókòó kan náà, 15,000 náírà. Tánganran tó bá fọ́, títún un ṣe látòkèdélẹ̀ ni yóò sábà gbà. Ẹni tó bá ń payín keke lójú oorun, kó sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa kán lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí eyín òun funfun sí i, kó fi oògùn ìsọyínfunfun sí i ṣáájú, kó dúró bíi ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó lẹ̀ ẹ́. Oògùn yẹn kì í ran composite.

Mo rí i pé àwọn tó ń lẹ ìpéǹpéjú ti ń lẹ eyín náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè nọ́ńbà tí MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fún dókítà yín àti ìwé àṣẹ ọdún yìí. Tèmi gbé e kọ́ sára ògiri, kò bínú pé mo yà á ní fọ́tò.

Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú fífọ eyín, fọ́tò, ríra àbàwọ́n àti eyín mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300,000 náírà. HMO ilé iṣẹ́ wa, ìyẹn àwọn adójútòfò ìlera wa, ò san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹwà ni. Fífọ eyín nìkan ni wọ́n lè gbà, àfi kí ẹ ti gba kóòdù lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Bó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ ń lọ, ẹ fi òrí ra ètè yín dáadáa nílé. Ike tí wọ́n fi ń fa ẹnu ṣí ò mọ̀ pé ètè ti gbẹ.