Fódà Trash tó kọ̀ tí kò gba lẹ́tà: ohun tí ojú mi rí nínú áàpù ímeèlì orí kọ̀ǹpútà

Mo fẹ́ràn áàpù ímeèlì tí mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Ó yára, ó sì ń wá lẹ́tà àtijọ́ jáde bí kò tilẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. Fódà Trash, ibi tí lẹ́tà tí a pa rẹ́ máa ń lọ, ló gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí àpótí lẹ́tà mi kún lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ímeèlì mi, ló dun mí jù. Mo tẹ Delete títí, lẹ́tà ò kúrò lójú kan. Ó ní ìdí. Lórí IMAP, ìyẹn ọ̀nà ìgba ímeèlì tí lẹ́tà fi ń wà lórí sáfà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni áàpù máa ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà sínú Trash, kó tó wá pa ti Inbox rẹ́. Àpótí tó ti kún kò ráyè gba ẹ̀dà kankan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wá àyè ló fẹ́ pa lẹ́tà rẹ́! Shift pẹ̀lú Delete ló gbà mí, torí pé kì í gba Trash kọjá. Ẹ fara balẹ̀ lò ó o, lẹ́tà tó bá gba ibẹ̀ lọ kì í padà. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí áàpù náà gbé sójú mi kò dárúkọ àyè rárá.

Ìṣòro mìíràn ni kí fódà pàǹtírí di méjì, àmọ́ ìyẹn kò le. Áàpù ń kó lẹ́tà sí Trash, sáfà ń lo Deleted Items. Láti 2011 ni RFC 6154, ìwé ìlànà kan fún IMAP, ti fún sáfà lọ́nà láti fi fódà pàǹtírí hàn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ lọ sí ètò àkáǹtì, kí ẹ fọwọ́ yan fódà tó tọ́.

Bí ẹ bá kó Trash dànù tí àyè kò sì ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo àṣẹ Compact nínú áàpù náà. Nínú fáìlì mbox, gbogbo lẹ́tà fódà kan ló wà nínú fáìlì kan ṣoṣo; àmì lásán ni wọ́n ń fi sí èyí tí ẹ pa rẹ́, Compact ló ń gbá a kúrò.

Bí Trash bá ń fi lẹ́tà tí kò sí mọ́ hàn, atọ́ka fódà náà ló sábà ń bàjẹ́. Àṣẹ Repair Folder á tún un kọ. Lórí IMAP, kò séwu, lẹ́tà yín wà lórí sáfà. Ẹ̀yin tó ń lo POP3, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbé lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ti áàpù náà pa, kí ẹ ṣe ẹ̀dà fódà ibi tó ń kó lẹ́tà sí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín nìkan ni lẹ́tà wọ̀nyẹn wà.