Ẹ̀rọ tó ń so MRI pọ̀ mọ́ ultrasound fún biopsy ọyàn: ibi tó ti wúlò àti ibi tó ti lè ṣini lọ́nà

Kókó hàn nínú ọyàn lórí MRI (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara), wọ́n fi ultrasound (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán) wá a, wọn ò rí i. Irú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí wà fún. Ó ń gbé àwòrán MRI sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ultrasound lójú kan náà. Bí a bá ṣe ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ ultrasound lórí awọ ni àwòrán MRI ń yí. Bí a bá rí kókó náà, aláìsàn kò ní láti padà sínú ihò MRI torí abẹ́rẹ́ biopsy, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé díẹ̀ lára kókó fún àyẹ̀wò.

Bí aláìsàn ṣe dùbúlẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tí wọ́n bá ń ya MRI, aláìsàn á dojú bolẹ̀, ọyàn á rọ̀ sísàlẹ̀. Tó bá di ultrasound, á fẹ̀yìn lélẹ̀, ọyàn á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí àyà, kókó á sì sún kúrò níbi tó wà, nígbà mìíràn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya MRI kúkúrú kan sí i tí aláìsàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, apá sókè gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe wà lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. Kí wọ́n yára, torí gadolinium, oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan kí kókó lè tàn lórí MRI, kì í pẹ́ ṣá lára kókó.

Orí ọmú la kọ́kọ́ ń fi ṣe àmì ìsopọ̀, àmọ́ kò tó bí kókó bá jìnnà sí i. Ẹ fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí àpò omi tó wà nítòsí kókó tún un ṣe. Ẹ má tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀: ọyàn á tẹ̀, MRI kò sì ní tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí aláìsàn bá yíra padà, ẹ so ó pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Agbára òòfà ló ń sọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ wà. Bẹ́ẹ̀dì onírin tàbí pẹpẹ irinṣẹ́ tó bá sún mọ́ ọn lè mú kí ó ṣìnà láìsí ìkìlọ̀ kankan lójú ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí, ultrasound nìkan ni kẹ́ ẹ máa wò tẹ́ ẹ bá ń ti abẹ́rẹ́. Àwòrán àtijọ́ ni MRI, kò rí abẹ́rẹ́ yín. Abẹ́rẹ́ 14G (ìwọ̀n sísanra rẹ̀ nìyẹn) onísípíríǹgì máa ń ta síwájú tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí náà kó wà ní ìbú, kó má kọjú sí àyà. Ẹ fi àmì irin kékeré sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti gé e, kí wọ́n sì ya mammogram (àwòrán X-ray ọyàn). Bí àbájáde bá sọ pé kò sí jẹjẹrẹ, tí MRI sì ti mú ìfura líle wá, ẹ tún MRI yà láti mọ̀ bóyá inú kókó náà ni àmì wà. A ò gbójú fo ìgbésẹ̀ yìí rí.

Ẹ̀rọ ìsopọ̀ yìí kò wúlò fún èérún kálísíọ́ọ̀mù tó hàn lórí mammogram nìkan. Mammogram ni kí wọ́n fi darí abẹ́rẹ́ ìyẹn. Ibi tó kàn ń tàn káàkiri lórí MRI láìní ojú kókó náà ṣòro fún un, abẹ́rẹ́ tí MRI fúnra rẹ̀ darí ló máa ń yẹ ẹ́.