Áàpù Tó Bá Fóònù Tuntun Wá: Ẹ̀rọ Wo Ló Gbà Kí Ẹ Yọ Ọ́ Kúrò?

Ẹ̀rọ méjì lè jọ ní 64GB, kí owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ kí ọ̀kan ti gbé áàpù rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè wọlé. Ọ̀pọ̀ olùrà máa ń ka iye áàpù tí wọ́n bá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tó wà lójú áàpù náà ló yẹ kí wọ́n wò. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ mú èyí tí ẹ ò fẹ́. Tó bá jẹ́ Uninstall lẹ rí, ó máa lọ. Tó bá jẹ́ Disable, ẹ lè dá a dúró: kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kò ní jẹ dátà, kò ní yọjú mọ́, àmọ́ ó ṣì jókòó sínú ẹ̀rọ. Tí bọ́tìnì náà bá ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án.

Ohun tó fà á ni pé irú áàpù bẹ́ẹ̀ wà ní apá kan tí ẹ̀rọ máa ń kà nìkan, tí kì í kọ nǹkan sí. Disable ò lè dá àyè ibẹ̀ padà. Àyè tí ẹ lè gbà padà ni ti update tó wọlé lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ Uninstall updates, kí ẹ tó tẹ Disable.

iPad àti iPhone, tàbí Pixel?

Láti iOS 10, lọ́dún 2016, ni Apple ti gbà kí èèyàn yọ púpọ̀ nínú áàpù tirẹ̀. Ẹ tẹ àmì áàpù náà mọ́lẹ̀, ẹ mú Remove App, lẹ́yìn náà Delete App. Stocks, Tips àti Mail máa lọ bẹ́ẹ̀, App Store ló sì máa dá wọn padà tí ẹ bá tún fẹ́ wọn. Ẹ má retí àyè púpọ̀ o: Apple fúnra rẹ̀ sọ nígbà náà pé gbogbo wọn lápapọ̀ ò tó 150MB. Lórí Pixel, ti Google ló pọ̀ jù, Disable lẹ sì máa rí lójú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà rárá, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni kó mú.

Samsung tàbí Xiaomi?

Ibí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀. Lórí Galaxy, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ló ń fa ìṣòro. Ẹ lè ti dá Facebook dúró, kí com.facebook.appmanager, com.facebook.services àti com.facebook.system ṣì máa ṣiṣẹ́. Nínú Apps, ẹ tẹ àmì tí wọ́n fi ń to àwọn áàpù (filter), ẹ tan Show system apps, kí ẹ sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró.

Lórí Xiaomi àti Redmi, ọ̀pọ̀ áàpù àjèjì ló ní Uninstall, èyí dára. Ṣùgbọ́n ìpolówó ń ti inú áàpù Xiaomi fúnra rẹ̀ wá, msa ló sì ń gbé e. Ẹ wá Authorization & revocation nínú Settings, ẹ pa msa. Ẹ̀rọ máa ka ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó gbà. Ó lè sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ tan íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún un ṣe títí tó fi máa gbà. Ní tèmi, nínú Samsung àti Xiaomi, Samsung ló rọrùn jù fún ẹni tí kò láyè fún irú èyí.

Amazon Fire

Tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ò ní Google Play. Oríṣi owó méjì ni wọ́n ń tà á: èyí tó dínwó ní ìpolówó lójú ìtìpa, èyí tó wọ́n ò ní. Ẹ lè san ìyàtọ̀ náà tó bá yá. Tí ẹ bá ń fi owó rẹ̀ wé ti ẹlòmíì, owó èyí tí kò ní ìpolówó ni kí ẹ fi wé e.

Tí bọ́tìnì bá kọ̀

Lórí Android, okùn USB àti kọ̀ǹpútà tó ní adb (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún fóònù láti orí kọ̀ǹpútà) lè ṣe é. Ẹ wọ About phone nínú Settings, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje, ẹ tan USB debugging nínú Developer options, ẹ so okùn, ẹ gbà á láàyè lójú fóònù, ẹ wá kọ èyí sójú àṣẹ (terminal) kọ̀ǹpútà:

adb shell pm uninstall --user 0 com.facebook.appmanager

Láti dá a padà:

adb shell cmd package install-existing com.facebook.appmanager

Orí àkáǹtì yín nìkan ló ti ń yọ ọ́. Àyè apá ìpìlẹ̀ ò ní padà, factory reset sì máa dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tan, kí ẹ tó yọ òmíràn. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ máa mọ èyí tó fà á. Ẹ má fọwọ́ kan com.android.systemui tàbí com.google.android.gms. Lórí Xiaomi, ẹni tó yọ com.xiaomi.finddevice lè rí i kí fóònù máa tan, kó máa kú, kó má wọlé mọ́.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á: ṣé ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló kó áàpù sínú rẹ̀? Àwọn náà máa ń fi tiwọn kún un. Ẹ ra èyí tí kò sí lábẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.